Ẹ fi Peyton Manning lọ́rùn sílẹ̀ jàre

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ Peyton Manning yìí, kọ́tábáàkì (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, tó ń darí ẹgbẹ́ nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà) tó ti fẹ̀yìn tì, ti fẹ́ sú mi. Àwọn kan ní nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, tó bá ti di pléọ́ọ̀fù, ìyẹn ìdíje àṣekágbá sáà, ọwọ́ ẹ̀ á máa gbọ̀n, ṣebí ìdíje 14 ló borí, 13 ló pàdánù, wọ́n á tún mẹ́nu ba 43 sí 8 tí Seattle fi na Denver, ẹgbẹ́ ẹ̀ nígbà yẹn, ní 2014. Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ 2007 ni, tí New England ti fi 21 sí 3 ṣíwájú, Tom Brady, kọ́tábáàkì tiwọn, lódìkejì o, tí Manning rọra kó Indianapolis, ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ wà, padà wá títí wọ́n fi borí wọn 38 sí 34, kí wọ́n tó lọ na Chicago gba Super Bowl, ife ẹ̀yẹ àṣekágbá?

Ti Super Bowl tó gbà pẹ̀lú Denver ní 2016, kí n má parọ́, difẹ́ǹsì, àwọn tó ń dènà alátakò, ló ṣe é, Von Miller tó wà lára wọn ni wọ́n fún lámì ẹ̀yẹ, Manning ti pé 39 nígbà yẹn. Àmọ́ tí difẹ́ǹsì bá bà á jẹ́, kọ́tábáàkì lẹ ó bú, tí wọ́n bá tún ṣe dáadáa, ẹ ní kì í ṣe òun ló gbà á. Èwo lẹ fẹ́ ká mú níbẹ̀ gan-an?

Èmi òǹkàwé yín