Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: irin tó ń di wáyà mú

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, àti ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ilé ránṣẹ́ láti Èkó àti òkè òkun, a kí yín. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àdúrótì.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí, ẹ ó máa rí ìlà tuntun kan lórí bílì iṣẹ́ wáyà iná wa: "kílíìpù onírin àti súkúrù rẹ̀", ìyẹn irin kékeré tó ń di wáyà mú mọ́ ògiri tàbí òkè ilé. Màmá kan tí à ń ṣiṣẹ́ ilé wọn lọ́wọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó fi ìka lé ìlà náà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kílíìpù oníke tí ẹ fi ṣe ilé àbúrò mi, ṣé ó ti já ni?" Mo ní, "Rárá, mà, kò já." Wọ́n ní, "Kí ló wá dé tí owó fi ń gorí owó?" Ó yẹ kí wọ́n bèèrè. Ìdáhùn tí mo fún wọn ni mo kọ síbí fún gbogbo yín.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó ṣojú mi. Ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù kan wà tí èmi fúnra mi ṣe wáyà rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn gbiná. Àwọn aládùúgbò pa iná ẹ̀lẹ́tíríìkì láti ibi mítà, wọ́n sì fi omi àti iyanrìn pa èyí tó ń jó. Ọmọkùnrin kan tó sáré wọlé láti gbé ọjà ọ̀gá rẹ̀ jáde kò tètè rí ọ̀nà jáde. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, ó fi ọrùn rẹ̀ hàn mí: wáyà ti fa ìlà pupa sí i láti abẹ́ etí dé èjìká. Mo gbójú sókè. Trunking, ìyẹn àpótí oníke tóóró tí à ń tẹ́ wáyà sí, tí mo lẹ̀ sókè ẹnu ọ̀nà ti yọ́ lọ bí àbẹ́là, gbogbo wáyà inú rẹ̀ sì ti sọ̀ kalẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn bí ìtàkùn. Ara wáyà ti jóná, bàbà inú rẹ̀ kò já. Ohun tó mú ọmọ náà lọ́rùn nìyẹn. Wáyà tó bá já kì í de èèyàn, èyí tí kò já ló ń dè é.

Àwọn èèyàn ní kí n má dààmú, pé iná náà kò ti ara wáyà bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ìlà pupa yẹn kò kúrò lójú mi.

Ohun tó fà á kò le. Nígbà tí iná bá ń jó nínú yàrá, òkè ni ooru rẹ̀ ń kó jọ sí, òkè náà sì ni wáyà ń gbà kọjá. Ike PVC tí wọ́n fi ń ṣe trunking máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní nǹkan bí ìwọ̀n 80 Celsius, omi kò sì tíì hó níbẹ̀ yẹn. Okùn náílọ́ọ̀nù tí à ń fi ń so wáyà pọ̀ a máa yọ́ ní nǹkan bí 260. Yàrá tí iná ti gbà tán ń kọjá 600. Irin ní tirẹ̀ kì í yọ́ títí ooru yóò fi kọjá 1,300. Lóòótọ́, agbára irin náà máa ń dínkù bó bá ti gbóná tó 600, àmọ́ kí ni ìwọ̀n wáyà mélòó kan lórí kílíìpù? Yóò ṣì gbé e dúró.

Ohun kan náà ti ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tiwọn sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì 2005, ilé gogoro kan tí wọ́n ń pè ní Harrow Court gbiná ní Stevenage, panápaná méjì sì kú. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 2010, Shirley Towers gbiná ní Southampton, panápaná méjì mìíràn tún kú. Nínú méjèèjì, wáyà tó já bọ́ láti inú trunking oníke lọ́ mọ́ àwọn tó wọlé lọ gbẹ̀mí là. Ẹ ronú nípa ẹni tó gbé àgbá afẹ́fẹ́ pọ̀n sẹ́yìn, tó ń rá kòrò nínú èéfín, tí kò rí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ní 2015, ìwé ìlànà iṣẹ́ wáyà wọn, BS 7671, pa á láṣẹ pé wáyà tó wà lójú ọ̀nà tí èèyàn yóò gbà sá jáde kò gbọdọ̀ wà lórí ohun tí yóò tètè já wálẹ̀ bí iná bá dé. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2019, wọ́n fẹ àṣẹ náà dé gbogbo inú ilé. Ìwé yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwa oníṣẹ́ iná ní Nàìjíríà ń wò, kò sì yẹ ká máa ka ojú ewé kan ká fo ìkejì.

Àwa náà mọ bí ilé wa ṣe rí. Nígbà Iléyá àti Ojúde Ọba, àwọn ará yóò ti ibi gbogbo wálé, àwọn ọmọdé á tẹ́ ẹní sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lábẹ́ wáyà gan-an. Ọ̀pọ̀ ilé tuntun ló sì ń lo àjà oníke báyìí. Wáyà tí wọ́n kàn jù sórí irú àjà bẹ́ẹ̀ yóò bá a wálẹ̀ ni.

Ohun tí à ń ṣe nìyí. A ń lo kílíìpù onírin tí etí rẹ̀ kò mú, kó má baà gé ara wáyà, tí wọ́n sì ti fi nǹkan kùn lára kí ọ̀rinrin má baà mú un dípẹtà. Súkúrù ni à ń fi kàn án mọ́ igi. Bó bá jẹ́ bulọ́ọ̀kù, à ń lo ìdákọ̀ onírin dípò ike kékeré tí à ń kì bọ ihò ògiri. Ẹ lè ní trunking oníke yín síbẹ̀ nítorí ẹwà, ṣùgbọ́n irin yóò wà nínú rẹ̀ tí yóò di wáyà mú. Bó bá jẹ́ trunking onírin ni ẹ fẹ́, dandan ni ká so ó mọ́ wáyà ilẹ̀ (earth). Wáyà tó wà nínú páìpù tí a ti rẹ́ símẹ́ńtì bò kò nílò kílíìpù, a kò sì ní gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó obì pamọ́ ní Ṣàgámù, tí apẹ̀rẹ̀ yín ga dé abẹ́ páànù tí ilẹ̀kùn sì jẹ́ ẹyọ kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀kùn yẹn.

N kò ní tàn yín: kílíìpù onírin kò ní kí ilé má gbiná, kò sì sọ wáyà ayédèrú di ojúlówó. Wáyà tó ń ṣiṣẹ́ nìṣó nínú iná, irú èyí tí à ń lò fún agogo ìkìlọ̀ iná, ọ̀tọ̀ ni, owó rẹ̀ sì ga. Ní Jámánì, wáyà náà àti irin tó gbé e ni wọ́n jọ ń ti sínú iná ìdánwò, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí àádọ́rùn-ún. Mo fara mọ́ ọn.

Ẹni tí a ti fún ní bílì kí oṣù yìí tó wọlé, a kò ní fi kọ́bọ̀ kún un, kílíìpù onírin náà la ó sì lò. Ẹni tí a bá ti ṣe iṣẹ́ fún rí, kó pè wá, a ó wá wo òkè ẹnu ọ̀nà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àtẹ̀gùn lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo ti kan pákó kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ káńtà wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wáyà kan náà ló wà lórí rẹ̀, apá kan lórí ike, apá kan lórí irin, a sì ti fi iná sítóòfù kọjá lábẹ́ méjèèjì. Bí ẹ bá wá, ẹ fi ọwọ́ yín fà á wò.