Lẹ́tà sí Àǹtí mi kí wọ́n tó wọkọ̀ ní Port Hardy

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ bi mí lórí fóònù bóyá omi tí a fẹ́ gbà ní oṣù keje jọ ọ̀sà wa, mo sì yára dáhùn pé kò sí ewu. Ìdáhùn yẹn kò tó fún ẹni tí ìjì ká mọ́ orí omi láàrin Ẹ̀pẹ́ àti Èjìnrìn, tí kò sì tún wọ ọkọ̀ ojú omi láti ọjọ́ náà. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo gba ọ̀nà náà ní oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, kí ẹ lè pinnu fúnra yín.

Port Hardy, ní ìparí àríwá erékùṣù Vancouver ní Kánádà, ni ọkọ̀ ti ń gbéra ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ àárọ̀, ilẹ̀ a sì ti ṣú kó tó dé ìlú èbúté Prince Rupert ní àríwá, lẹ́yìn kìlómítà 507. Northern Expedition ni orúkọ ọkọ̀ náà. Jámánì ni wọ́n ti kàn án, láti 2009 ló sì ti ń ná ọ̀nà yìí, tòun ti mọ́tò nínú ikùn rẹ̀.

Òwúrọ̀ ni ibi tó le. Ní etíkun yẹn, àwọn erékùṣù tò sí ìwọ̀-oòrùn bí ọgbà tí a fi yí ilé ká, àwọn ló ń fi àyà gba ìgbì Pàsífíìkì. Ṣùgbọ́n níbi tí erékùṣù Vancouver parí sí, ọgbà náà já, agbami ló sì kù ní ẹ̀gbẹ́ wa títí a fi dé ẹ̀yìn erékùṣù Calvert. Ìgbì ibẹ̀ kì í gbá ọkọ̀ létí bíi ti ọ̀sà. Ó gùn, ọ̀nà jíjìn ni ìjì ti ń tì í bọ̀, ó ń rọra gbé ọkọ̀ sókè, ó sì ń rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, fún bíi wákàtí méjì. Èébì gbé mi. Mo lọ jókòó ní àárín ọkọ̀, níbi tí kì í ti í mì púpọ̀, mo tẹjú mọ́ ibi tí ọ̀run ti pàdé omi lójú fèrèsé, ara mi sì balẹ̀. Cape Caution, ṣóńṣó ilẹ̀ kan tó yọ sínú òkun, là ń kọjá nígbà náà, orúkọ tí George Vancouver, atukọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, fún un ní 1793, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìkìlọ̀ pé ká ṣọ́ra. Ní erékùṣù Egg tó wà nítòsí, ìgbì gbé ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà lọ ní 1948. Olùtọ́jú rẹ̀ àti ẹbí rẹ̀ sá wọ igbó, wọ́n sì yè.

Bí a ṣe wọ ẹ̀yìn Calvert ni omi dákẹ́. A kọjá Bella Bella, ìlú àwọn Heiltsuk tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, a tún fojú kan agbami díẹ̀ ní Milbanke Sound, a sì wọ àárín òkè. Igi kédárì bo ilẹ̀ títí dé etí omi, omi iyọ̀ sì ti gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ wọn dọ́gba bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n, níbi tí omi ń kún dé. Àbùùbùtán méjì yọ ẹ̀yìn, gbogbo èrò sì pa lọ́lọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí, nítorí n kò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ní òru ọjọ́ 22 oṣù kẹta 2006, ọkọ̀ tó ń ná ọ̀nà yìí tẹ́lẹ̀, Queen of the North, ń bọ̀ láti Prince Rupert. Nígbà tó jáde ní Grenville Channel, ọ̀nà omi tóóró kan láàrin òkè, ó yẹ kó yí imú padà, kò yí. Ó lọ tààrà kọ lu erékùṣù Gil, ó sì rì kí wákàtí méjì tó pé. Ènìyàn 101 ló wà nínú rẹ̀. 99 yè, a kò rí àwọn méjì mọ́. Kì í ṣe agbami ló ti ṣẹlẹ̀, àárín erékùṣù ni, níbi tí èmi rò pé ọkàn ènìyàn ti lè balẹ̀.

Àwọn ará Hartley Bay, ìletò kékeré àwọn Gitga'at, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ náà, tí wọ́n fi pákó ṣe ọ̀nà rẹ̀, gbọ́ ìpè lórí rédíò, wọ́n sì wa ọkọ̀ ẹja wọn jáde nínú òkùnkùn àti òtútù. Wọ́n kó èrò lọ sí ìlú wọn, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò wọ́n, wọ́n fún wọn ní ohun gbígbóná. Ẹ̀yin náà ti sọ fún wa rí pé apẹja tí ẹ kò mọ̀ rí ló fà yín sínú ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tiyín. Ọ̀rọ̀ yín yẹn ni mo rántí nígbà tí a ń kọjá Gil ní ìrọ̀lẹ́, tí omi tẹ́jú, tí kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Mo dúró ní ìta títí ọwọ́ mi fi kú.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Grenville Channel, tí ibi tó fún jù níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 400 lọ. Ìkún omi òkun ń wọlé láti ẹnu méjèèjì, wọ́n sì ń pàdé láàrin. Omi já láti orí òkè lọ́tùn-ún lósì, yìnyín ṣì wà lókè ní oṣù kẹfà. Bí ẹ bá wá, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ wà lójúfò.

Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ èsì yín kí oṣù yìí tó parí, kí n lè gba tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ọkàn yín kò bá gbà á, ọkọ̀ òfurufú ń lọ sí Prince Rupert láti ìlú Vancouver, a ó jọ wọ ìyẹn, n kò sì ní bínú. Bí ẹ bá gbà, ẹ mú súwẹ́tà tó nípọn àti ataalẹ̀ dání fún òwúrọ̀. Èmi ni n óò jókòó tì yín ní àárín ọkọ̀ títí a ó fi dé ẹ̀yìn Calvert.

Èmi ni,
Ọmọ yín