Ọ̀RỌ̀ OLÙṢỌ́-ÀGÙNTÀN: Bí Epo Bá Dà Sómi Wa

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa,

Ní Ilàjẹ wa yìí, ọ̀pọ̀ ilé ló ní ọmọ tàbí àna tó ń ṣiṣẹ́ kọ́ńpìnnì epo. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ń wúwo nígbà tí epo rọ̀bì bá dà sódò. Mi ò kẹ́gàn ìbẹ̀rù yẹn. Ṣùgbọ́n ti Olúwa ni ilẹ̀ àti ẹ̀kún rẹ̀ (Sáàmù 24:1), ẹja sì wà nínú ẹ̀kún náà. Ẹni tó bá fẹjọ́ sùn kò ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni: òfin fúnra rẹ̀ ló ní kí kọ́ńpìnnì sọ fún NOSDRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí epo tó dànù, láàárín wákàtí 24.

Bí ẹ bá rí epo lójú omi, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lọ sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀. Ẹ má tan iná, ẹ má sì gbọ́n ọn sínú kẹ́ẹ̀gì. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló bá iná lọ ní Jesse, ní ìpínlẹ̀ Delta, ní 1998 níbi tí epo ti ń jò lára páìpù. Ẹ kó àwọ̀n tí epo kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ má mu omi náà. Sísè kì í sọ ọ́ di mímu. Ẹ ya fọ́tò tí igi tàbí ilé kan hàn nínú rẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́, aago, àti bóyá omi ń kún tàbí ó ń fà.

Ọjọ́ àyẹ̀wò la ti ń pàdánù jù. Kọ́ńpìnnì, ìjọba àti ìlú ni wọ́n jọ ń lọ síbi tó jò, tí wọ́n sì ń kọ okùnfà rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Bí wọ́n bá kọ pé èèyàn ló gé páìpù, òfin kò fún wa ní owó gbà-má-bínú. Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n kó ẹrẹ̀ kúrò títí a ó fi rí páìpù náà yípo. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí omi inú epo ń sùn sí, ni ìpẹtà ti sábà ń jẹ ẹ́ láti inú. Ibi tí ayùn gbà máa ń tọ́. Ihò tí wọ́n lu máa ń rí róbótó. Èyí tí ìpẹtà jẹ a máa fẹ́lẹ́, etí rẹ̀ a sì rí wúruwùru. Ẹ má fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tó ní àlàfo. Bí ẹ kò bá fara mọ́ ọn, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń lu páìpù lóru, ẹ gbọ́ o. Òfin epo ti 2021 ní kí kọ́ńpìnnì máa fi ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó fi ṣiṣẹ́ lọ́dún tó kọjá sí àpò àwọn ìlú tó gbà á lálejò. Owó àtúnṣe páìpù tí ọmọ ìlú bá bàjẹ́, nínú owó yẹn ni wọn yóò ti yọ ọ́. Owó ilé ìwòsàn ìyá yín lẹ ń lù yẹn.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, kí àwọn apẹja àti àwọn ìyá tó ń yan ẹja dúró. A ó yan ẹni mẹ́ta tí yóò máa ṣojú wa lọ́jọ́ àyẹ̀wò, kí ìyá kan, ó kéré tán, wà nínú wọn.