Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ ka ewì Byron sókè

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Ọ̀rọ̀ ewì Byron, akéwì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, She Walks in Beauty, ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí àwọn páńfúlẹ́ẹ̀tì lítíréṣọ̀ tí wọ́n ń tà káàkiri l'Àkúrẹ́ níbí ti fẹ́ ba ewì náà jẹ́ mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́. Wọ́n á kọ fọ́ọ̀mù lọ́tọ̀, èdè lọ́tọ̀, kókó ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, ọmọ á há a sórí, á lọ dà á sílẹ̀ nínú ẹ̀sáàmù, ó tán. Ẹ bi í pé kí ni ewì yẹn sọ, á ní obìnrin kan rẹwà.

Ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1814 ló kọ ọ́, wọ́n ní ìyàwó mọ̀lẹ́bí ẹ̀ kan ló rí níbi pátì ní Lọ́ńdọ̀nù, aṣọ ọ̀fọ̀ dúdú ni obìnrin náà wọ̀ àmọ́ nǹkan tó ń dán yinrinyinrin kún ara ẹ̀, bíi léèsì dúdú onísítóònù táwọn ìyá wa máa ń wọ̀ ròde. Gbogbo ewì náà ti wà lára aṣọ yẹn. Ọ̀pọ̀ akéwì tó bá fẹ́ yin obìnrin, oòrùn ni wọ́n á fi wé tàbí òdòdó, òru ni Byron fi wé e ní tiẹ̀, ọ̀sán gan-an ló wá ń bú pé aláṣehàn ni.

Ẹ wo ibi tó gé ìlà àkọ́kọ́ sí, "like the night", ó dá a dúró síbẹ̀. Ẹni tó ń kà á á kọ́kọ́ rò pé òkùnkùn ló ń sọ, àfìgbà tó bá dé ìlà kejì ló máa rí i pé òru tí ò ní kùrukùru, tí ìràwọ̀ kún ojú ọ̀run ẹ̀ ni. Ìlà kẹta kó dúdú àti ìmọ́lẹ̀ jọ, ìlà kẹrin ní inú ojú obìnrin náà ni wọ́n ti pàdé. Ẹ wá fetí sí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kẹrin yẹn, "Meet". Látòkè wá, sílébù tó fúyẹ́ ló ń ṣáájú èyí tó wúwo, ẹ̀ẹ̀mẹrin lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, sílébù mẹ́jọ, àmọ́ níbi tí dúdú àti ìmọ́lẹ̀ ti pàdé gan-an ló yí i padà, èyí tó wúwo ló gba iwájú. Ṣé èyí wá ṣeé yà sọ́tọ̀ pé fọ́ọ̀mù nìyí, kókó ọ̀rọ̀ nìyẹn?

Àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà á ti mọ ìwọ̀n yẹn, òun ni ti orin tí wọ́n kọ L.M. (Long Metre, ìlà mẹ́rin onísílébù mẹ́jọ) sí lórí, kìkì pé ìlà mẹ́fà ni Byron ń kó sábala kan dípò mẹ́rin. Orin náà ni wọ́n sì fi ṣe, Isaac Nathan, olórin ọmọ Júù, ló fi ohùn sí i, ìwé Hebrew Melodies ló ti jáde ní 1815. Ewì tó wà fún ohùn, tẹ́ ẹ bá ní kọ́mọ máa fojú lásán kà á, kí ló fẹ́ rí níbẹ̀?

Abala kejì ni mo fẹ́ràn jù. Ó ní bí òjìji kan bá lé tàbí ìtànṣán kan bá dín, ẹwà náà ti bà jẹ́ dé ìdajì. Ẹ ka ọ̀rọ̀ tó parí ìlà wọn sókè: less, grace, tress, face, express, place. Ìró kan náà ló gbẹ̀yìn gbogbo wọn, fáwẹ̀lì nìkan ló yà wọ́n, ẹ yí i díẹ̀ báyìí ọ̀kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ di èkejì. Ohun tó ń sọ ló ń ṣe yẹn.

Ibi tí mi ò ti bá àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi lọ ni abala kẹta. Wọ́n ní ìwà lẹwà ló ń sọ. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tó bá ń sọ pé ìwà lẹwà ti bá èèyàn gbé, ó ti rí i nígbà ìbínú àti nígbà àìní. Byron ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu obìnrin yìí nínú gbogbo ewì náà, irun dúdú, ẹ̀rẹ̀kẹ́, iwájú orí àti ẹ̀rín ẹ̀ ló ń wò tó fi ń sọ pé inú rere ló fi ń lo ọjọ́ ayé ẹ̀, pé ọkàn ẹ̀ mọ́. "Walks" ló fi bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ obìnrin ò tún rìn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, látọrùn sókè la mọ̀ ọ́n mọ. Nílẹ̀ tiwa, tí wọ́n bá ń ki obìnrin, wọ́n á ki ìran ẹ̀, ìlú ẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀, títí kan ẹsẹ̀ tó fi ń rìn. Mi ò ní tiwa ló dáa jù, ohun tí mò ń sọ ni pé ewì yìí gbà pé ojú lè jẹ́rìí ìwà, ó sì yẹ káwọn ọmọ lè bi í léèrè. Nígbà tí mo gbé e kalẹ̀ ní lẹ́sìn wa, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún táwọn ọmọ ń wá ṣe, ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, "Sà, ta ló bi obìnrin yẹn léèrè?" Kíláàsì dàrú. Kò sí páńfúlẹ́ẹ̀tì tó lè bi irú ìbéèrè yẹn.

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, nínú abala àwọn ọmọ iléèwé tẹ́ ẹ ń ṣe, ẹ tẹ ewì náà jáde lódindi. Ìlà 18 péré ni, Byron sì ti kú láti 1824, kò sẹ́ni tó máa bi yín lówó ẹ̀. Ẹni tó bá sì máa ṣàlàyé ẹ̀, ẹ ní kó máa tọ́ka sí ìlà tó ń sọ gan-an, kó má kàn to orúkọ ọnà èdè kalẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà lẹ́sìn kan, Òkè-Àró, Àkúrẹ́