Ẹ má ti ilẹ̀kùn pọ́díkáàsì Yorùbá mọ́ àwọn tó ń sọ Yorùbá

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ dẹ̀ kú ìdúró ti èdè wa. Ọ̀rọ̀ pọ́díkáàsì, ètò ohùn bíi ti rédíò téèyàn ń gbọ́ lórí fóònù nígbà tó bá wù ú, ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Iṣẹ́ ohùn ni mò ń ṣe n'Íbàdàn níbí, àwọn tó ń ṣe pọ́díkáàsì máa ń fi ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, màá gé ibi tó yẹ ní gígé, màá yọ ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò lẹ́yìn ẹ̀, màá dá a padà fún wọn. Àwọn tó ń fi Yorùbá ṣe é nínú wọn ni ọ̀rọ̀ wọn ká mi lára jù, torí pé kò sí iléeṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn wọn, owó àpò ara wọn ni wọ́n fi ń ra dátà, òun náà ni wọ́n fi ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, nígbà tó bá wá ń sú wọn, ìmọ̀ràn kan náà làwọn èèyàn máa ń gbà wọ́n, pé kí wọ́n tì í pa, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ kó lọ sanwó.

Mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má tì í pa. Mi ò ní kí wọ́n máa ṣe é lásán o, owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, ebi dẹ̀ ń pa sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bó ṣe ń pa gbogbo wa. Ohun tí mò ń sọ ni pé ètò gan-an, èyí tó ń jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni tó ní fóònù, kí owó máa wá látọ̀dọ̀ àwọn tí apá wọn ká a, kí ìpolówó dẹ̀ wà níwọ̀nba, kó jẹ́ èyí tí wọ́n fojú sí dáadáa kí wọ́n tó gbà á.

Àwọn kan ti gbìyànjú kí wọ́n tì í pa rí, pẹ̀lú owó tabua. Ní 2019 iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Luminary dé l'Amẹ́ríkà, nǹkan bíi 100 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ti kó jọ, wọ́n ní kéèyàn máa san dọ́là 7.99 lóṣù kó lè gbọ́ àwọn ètò tí wọ́n kó sínú áàpù wọn, kò ní sí ìpolówó níbẹ̀. Wọ́n gba àwọn gbajúmọ̀, wọ́n náwó, síbẹ̀ èrò ò ya lọ bí wọ́n ṣe rò, torí àìmọye ètò tó dáa ló wà níta tí wọn ò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀, nígbà tó fi máa di 2020 wọ́n ti já owó yẹn wálẹ̀ sí 4.99. Tí ilẹ̀kùn títì ò bá rọrùn fún àwọn tó lówó tó yẹn, báwo ló ṣe fẹ́ rọrùn fún ọmọ Yorùbá tó ń fi máìkì kan ṣoṣo gba ohùn nínú yàrá?

Ṣùgbọ́n ẹ wo Maximum Fun ní Los Angeles, tí Jesse Thorn dá sílẹ̀. Gbogbo ètò wọn ló wà níta lọ́fẹ̀ẹ́, ìpolówó wà nínú ẹ̀ níwọ̀nba, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún wọ́n á wá ya àkókò sọ́tọ̀, wọ́n á bẹ àwọn olùgbọ́ pé ẹni tó bá lè san dọ́là 5 lóṣù kó di mẹ́ńbà, àwọn mẹ́ńbà náà á máa gbọ́ àwọn ètò kan tí wọ́n ṣe lé e. Ẹni tí ò bá san ò pàdánù ètò tó mọ̀. Wọ́n ti ń ṣe é bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́, ní 2023 iléeṣẹ́ yẹn tiẹ̀ di ti àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fúnra wọn. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo gbọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ kó yé wa. Ìpolówó ìṣẹ́jú kan tí olóòtú ètò bá fẹnu ara ẹ̀ kà, iye tí wọ́n sábà máa ń dá l'Amẹ́ríkà ni nǹkan bíi dọ́là 25 lórí olùgbọ́ 1,000. Tí ètò kan bá ní olùgbọ́ 2,000, dọ́là 50 nìyẹn lórí ìpolówó kan, tó bá jáde lẹ́ẹ̀mẹrin lóṣù ó di 200. Nínú àwọn 2,000 yẹn náà, ká ní èèyàn 100 péré ló gbà láti máa san dọ́là 5 lóṣù, 500 nìyẹn. Lóòótọ́ àwọn alágbàtà á gé tiwọn níbẹ̀, Patreon, ìkànnì tí olùgbọ́ ti ń sanwó oṣooṣù fún ẹni tó ń ṣe ètò, ń gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé báyìí, Apple tó ń ṣe iPhone ń gba ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún àkọ́kọ́ kó tó já a sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, àwọn ọgọ́rùn-ún èèyàn tó fẹ́ràn ètò yẹn dénú ṣì ju ìpolówó lọ. Iye Amẹ́ríkà dẹ̀ ni mo fi ṣírò o, etí tó wà ní Mókólá tàbí Òṣogbo ò tó bẹ́ẹ̀ lójú àwọn tó ń ra ìpolówó yẹn.

Ìkejì ni pé ìpolówó ń wo iye tí ẹ̀rọ bá kà, àwọn olùgbọ́ tiwa dẹ̀ pọ̀ tí ẹ̀rọ ò lè kà láéláé. Ẹnì kan á gba ètò sórí fóònù, á jù ú sí gúrúùpù mọ̀lẹ́bí lórí WhatsApp, láti ibẹ̀ ó di gúrúùpù ṣọ́ọ̀ṣì, ó di ti ẹgbẹ́ àdúgbò, awakọ̀ kan á fi sínú mẹ́mọ́rì káàdì, gbogbo èrò ọkọ̀ ló máa gbọ́ ọ láti Ṣáṣá dé Ọ̀yọ́. Èèyàn kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ kà níbẹ̀. Àwọn ńlá náà ò bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ iye kíkà yìí, ní September 2023 tí Apple yí bí iPhone ṣe ń gba ètò sílẹ̀ fúnra ẹ̀ padà, iye tí wọ́n ń kà fún ọ̀pọ̀ ètò já wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ olùgbọ́ ò kúrò níbì kankan. Nǹkan tó lè já báyẹn lóru ọjọ́ kan, ẹ má gbé gbogbo oúnjẹ ilé yín lé e.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ àwọn tó máa san. Ṣáájú June 2023 dọ́là kan ń lọ ní nǹkan bíi 460 náírà lọ́dọ̀ ìjọba, nígbà tó di 2024 ó ti kọjá 1,500. Dọ́là 5 lóṣù wá di nǹkan bíi 7,500 náírà, bẹ́ẹ̀ 70,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2024. Ta ni màá sọ fún pé kó yọ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù ẹ̀ kó fi gbọ́ ìtàn àti oríkì lédè ìyá ẹ̀? Ẹni tó tiẹ̀ lówó ẹ̀ lọ́wọ́, láti ìparí 2022 ni ọ̀pọ̀ bánkì ti dá káàdì náírà dúró lórí ìnáwó òkè òkun, 2025 làwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i padà. Àwọn màmá tó ń tajà ní Ọjẹ́, àwọn bàbá tó fẹ̀yìn tì sílé, àwọn tó gbọ́ Yorùbá débi tí wọ́n máa pe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ láti tún òwe tó ṣì pa ṣe, àwọn gan-an la máa tì síta tá a bá ti ilẹ̀kùn yìí. Ọmọ wa tó wà lókè òkun, ní Peckham àti Houston, tí àárò ilé ń sọ, tó fẹ́ káwọn ọmọ ẹ̀ gbọ́ Yorùbá nínú mọ́tò tí wọ́n bá ń lọ sílé ìwé, òun ni pọ́n-ùn 5 ò ni lára. Kí tọ̀hún san kí tibí lè gbọ́, kí wọ́n dẹ̀ sọ ọ́ fún un lójúkojú pé ohun tí owó ẹ̀ ń ṣe nìyẹn, á san án tayọ̀tayọ̀. Fún àwa tó wà nílé, ẹ gbé nọ́ńbà àkáǹtì síbẹ̀, ẹni tó bá ní 500 náírà kó fi ránṣẹ́, ènìyàn púpọ̀ ní í jẹ́ jànmọ́ọ̀n.

Kí ni mẹ́ńbà máa wá rí gbà? Èènì ni, bí ìyá alágbàdo ṣe ń fún oníbàárà ẹ̀ lẹ́yìn tó ti ka àgbàdo ẹ̀ pé. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tá a gé sí ìṣẹ́jú ogójì, kí mẹ́ńbà gbọ́ ọ ní odindi. Kí tiẹ̀ má ní ìpolówó nínú. Kó gbọ́ ọ lọ́jọ́ Wẹ́sidé, kí gbogbo ayé gbọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn wọ̀nyí ò fi iṣẹ́ kún iṣẹ́, ibẹ̀ ni mo sì ti rí ọ̀pọ̀ tó ń ṣubú, torí wọ́n á ti ṣèlérí odindi ètò kejì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fáwọn tó ń sanwó, láàárín oṣù mélòó kan ó ti rẹ̀ wọ́n, ti ọ̀fẹ́ bàjẹ́, tàwọn tó ń sanwó náà ò dé mọ́. Ìlérí kékeré tí ẹ lè mú ṣẹ ni kẹ́ ẹ ṣe. Tí mẹ́ńbà kan bá dẹ̀ fún àbúrò ẹ̀ ní líǹkì tiẹ̀, ẹ fi í lẹ̀, ẹ má lé wọn.

Ìpolówó ò ṣàjèjì sí wa o. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó dá dúró lórí rédíò, àwọn fúnra wọn ló ń ra àkókò lọ́wọ́ iléeṣẹ́ rédíò, àwọn náà ló ń wá onígbọ̀wọ́ kiri, olùgbọ́ ò san nǹkan kan. Olóògbé Gbénga Adébóyè, Fúnwọntán, gbogbo wa la gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí rédíò, ẹni tó bá tún fẹ́ sí i á lọ ra kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ báyìí ni ìpolówó tẹ́tẹ́ àti oògùn gbogboǹṣe tí NAFDAC ò mọ̀ sí, owó wọn máa ń tètè yá, ó dẹ̀ máa ń tó owó. Ṣùgbọ́n ìdí tí ìpolówó tí olóòtú ètò bá kà fúnra ẹ̀ fi níye lórí ni pé àwọn tó ń gbọ́ ọ gbà á gbọ́, tó bá fi ohùn yẹn ti ọ̀dọ́ kan sínú tẹ́tẹ́, ohùn yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn tó yẹ ká lọ bá wà nítòsí wa, aláṣọ òkè tó wà ní Ìṣẹ́yìn, àwọn tó ń kó ẹrù láti London wá sí Nàìjíríà, àwọn tó ń kọ́ ọmọ ẹni lédè Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Irú wọn gan-an làwọn olùgbọ́ ń wá. Ẹyọ kan níbẹ̀rẹ̀, ẹyọ kan láàárín, ó tó.

Ẹ tún rántí pé èyí tá à ń pè ní ọ̀fẹ́, olùgbọ́ ṣì ń fi dátà sanwó ẹ̀, láti January 2025 tí NCC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ fóònù, ti gbà káwọn iléeṣẹ́ fóònù fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, kálukú ń fọwọ́ mú dátà ẹ̀. Ètò wákàtí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 128 kbps, ìyẹn bí fáìlì ohùn ṣe wúwo tó, máa jẹ nǹkan bíi MB 58, tí wọ́n bá ṣe é ní 64 kbps mono, ìyẹn ohùn ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, á di 29, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló wà níbẹ̀, etí ò ní mọ ìyàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá gbé iṣẹ́ wá ni mo ń sọ ọ́ fún.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo wá ní sí ẹ̀yin olóòtú. Ẹ ya igun kékeré kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ máa tẹ orúkọ pọ́díkáàsì Yorùbá kan síbẹ̀, ohun tó ń sọ̀rọ̀ lé lórí, ibi téèyàn ti lè gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ àti bí ẹni tó bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ṣe lè fi náírà tàbí pọ́n-ùn ránṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tó máa bá yín kó orúkọ wọn jọ, mo ṣe tán.

Èmi olùkà yín,
Mọ́níyà, Ìbàdàn.