Ẹ Yá Àwọn Akàndá Ọmọ Ní Ẹṣin Ojúde Ọba

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń gbé láti ọdún 2004, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó sì ni mò ń ṣe jẹun. Mo rí àwọn àwòrán Ojúde Ọba tí ẹ gbé jáde, orí mi wú. Mo wo ẹṣin àwọn ìdílé Balógun lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe fi aṣọ àti idẹ ṣe wọ́n lọ́ṣọ̀ọ́ títí dé imú. Ìbéèrè kan wá sọ sí mi lọ́kàn: bí ọjọ́ kẹta Iléyá bá ti kọjá, kí ni àwọn ẹṣin yìí máa ń ṣe láàárọ̀ Sátidé?

Láti ọdún 2016 ni mo ti ń yọ̀ọ̀da àárọ̀ Sátidé tèmi fún oko kan lẹ́yìn ìlú wa, níbi tí àwọn akàndá ti ń gun ẹṣin. Èmi kọ́ ni mò ń gùn ún. Ẹ̀gbẹ́ ẹṣin ni mò ń rìn, pẹ̀lú bàtà rọ́bà nínú ẹrẹ̀. Riding for the Disabled Association ni orúkọ ẹgbẹ́ náà, RDA ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọdún 1969 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Ọmọba Anne, àbúrò Ọba Charles, sì ti ń ṣe ààrẹ rẹ̀ bọ̀ láti 1985. Wọn kì í sanwó fún wa. Àwa la máa ń kó ìgbẹ́ ẹṣin sínú bárò, àwa la ń fi irin kékeré yọ òkúta kúrò lábẹ́ pátákò wọn, àwa la ń di gàárì. Kí ọmọ àkọ́kọ́ tó dé ní aago mẹ́wàá, aṣọ mi á ti máa rùn, inú mi á sì ti dùn.

Ọmọ kan, èèyàn mẹ́ta. Ẹnì kan á di ìjánu mú níwájú, ẹnì kan lọ́tùn-ún, ẹnì kan lósì. Ọmọ á dé akoto. Ẹṣin á dúró gbọnin lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle tí wọ́n fi pákó kàn, kí a lè ti àga onítáyà gun orí rẹ̀, kí ọmọ sì tibẹ̀ bọ́ sórí gàárì. Ẹṣin tí mo sábà máa ń bá rìn, funfun ni, ó sanra, ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Bí ọmọ bá pariwo lójijì lórí rẹ̀, etí lásán ni yóò jù sẹ́yìn. Kò sì ní gbéra títí ọmọ náà fi máa sọ fún un pé kó máa lọ. Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ á fi ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, tàbí kó mí ìmí kan báyìí tí àwa mẹ́ta ti mọ̀. A máa ń dúró dè é. Mo ti dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin rí nínú òtútù oṣù Kejì, ẹnikẹ́ni kò sì kán ọmọ náà lójú.

Kí ló wà lára ẹṣin tí kò sí lára àga? Bí ẹṣin bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́, ìbàdí ẹni tó wà lórí rẹ̀ á máa lọ síwá sẹ́yìn, á máa yí sọ́tùn-ún sósì, á máa gòkè á máa sọ̀ kalẹ̀, bí ìbàdí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn gẹ́lẹ́. Ọmọ tí kò rìn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ara rẹ̀ á gbọ́ bí ìrìn ṣe ń rí. Ara ẹṣin tún móoru ju tiwa lọ, ooru yẹn a sì máa dẹ itan tó ti le gan-an. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: ẹṣin kì í wo cerebral palsy sàn, ìyẹn àìlera ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ara gbọ́ tẹni. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ sá fún un.

Oṣù kìíní tí mo débẹ̀, ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ kan ni wọ́n fi sọ́dọ̀ mi. Bó bá ti tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi díẹ̀ báyìí, màá ti rọ̀ mọ́ ọn, màá gbá a mú bí ẹni gbá ìkòkò epo mú. Olùkọ́ wa, màmá kan tó ti lé ní 70 ọdún, dá ẹṣin dúró. Ó ní kí n gbé ọwọ́ lé itan ọmọ náà, kí n fi í síbẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́, kí n jẹ́ kí ọmọ wá ara rẹ̀. Mo rò pé ọ̀dájú ni. A gbéra. Ọmọ tẹ̀, ó tẹ̀ sí i, àyà mi ń já. Ni mo bá rí i tí iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ fà, tí orí rẹ̀ dìde díẹ̀díẹ̀, ó jókòó ṣánṣán. Ó tún tẹ̀, ó tún padà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń gbá a mú yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ni mò ń gbà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ilé ni ọkàn mi lọ lọ́jọ́ náà. Àbúrò mi obìnrin bí ọmọkùnrin kan ní 2010. Ní ọjọ́ kẹta, ibà pọ́njú mú ọmọ náà. Níbi tó bí i sí, wọ́n ní kó máa gbé e sí oòrùn àárọ̀, yóò lọ. Kò lọ. Kí wọ́n tó gbé e dé ibi tó yẹ, ó ti ba ọpọlọ jẹ́. Gbogbo ohun tí a bá sọ ló ń yé ọmọ yìí, ara rẹ̀ ni kì í gbọ́ tirẹ̀. Àbúrò mi pọ̀n ọ́n títí ó fi pé ọdún méje, nígbà tí ẹ̀yìn kò gbà á mọ́, ó ń fi ọ̀já dè é mọ́ àga. Bí àlejò bá dé, wọ́n á gbé e wọ yàrá. Ìfẹ́ ni o, n kò bú u. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pè é, tí mo ní kó tú ọ̀já náà fún ìgbà díẹ̀ lójúmọ́, ó bínú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò sí níbí. Ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ mi ṣubú ni?" Ó tó oṣù mẹ́ta kí ó tó tẹ́ ẹní sílẹ̀, kí ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, kí ó gbé ọwọ́ lé itan rẹ̀ bí mo ṣe ṣàlàyé. Lónìí, ọmọ náà lè dá jókòó tí a ó fi ka ení dé ogún. Ẹní ni ó ní. Kò ní ẹṣin, bẹ́ẹ̀ ìlú tó ń gbé kún fún ẹṣin lọ́dọọdún!

Olùkọ́ wa ló sọ ìtàn Lis Hartel fún mi níbi tí a ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ara ẹṣin. Ọmọ ilẹ̀ Denmark ni. Àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú un ní 1944, nígbà tó lóyún, láti orúnkún lọ sísàlẹ̀ ni kò ti lè lo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ní 1952, ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Helsinki, ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n gba obìnrin láyè láti bá ọkùnrin díje nínú dressage, ìyẹn ìdíje tí ẹṣin ti ń gbé ẹsẹ̀ létòlétò bí ẹni tó gùn ún bá ṣe darí rẹ̀, ó gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà, bẹ́ẹ̀ gbígbé ni wọ́n ń gbé e gun ẹṣin. Ó tún gba fàdákà ní 1956. Ẹlòmíràn sì wà lásìkò tiwa yìí, Sophie Christiansen, tí cerebral palsy ń bá fínra. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tó kọ́kọ́ gun ẹṣin lọ́dọ̀ RDA. Wúrà mẹ́ta ló gbà ní Paralympics, Òlíńpíìkì àwọn akàndá, ní London ní 2012. N kò sọ pé gbogbo ọmọ ni yóò gba wúrà. Èyí tó dùn mọ́ mi ni pé Sátidé bíi tiwa yìí ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, òfin ti wà láti 2019 tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe yan akàndá nípọ̀sí. Ó dára. Òfin kò lè wọ yàrá lọ gbé ọmọ jáde fún wa.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé sí ẹ̀yin ìdílé Balógun, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbá pólò ní Èkó àti Ìbàdàn: ẹ yá wa ní ẹṣin kan, àárọ̀ kan lọ́sẹ̀. A kò fẹ́ èyí tó ń jó tó ń ta. Èyí tí ogbó ti ń dé sí, tí eré kò wù mọ́, òun gan-an la ń wá. A ó tún nílò físíò kan, ìyẹn oníṣẹ́ ìlera tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé ara, nítorí a kì í ṣàdédé gbé ọmọ sórí ẹṣin. Dókítà gbọ́dọ̀ yẹ ìbàdí ọmọ wò bóyá ó ti yẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ yẹ ọrùn ọmọ tó ní Down syndrome wò, torí pé eegun ọrùn àwọn mìíràn nínú wọn kì í dúró dáadáa. Wárápá náà, kí a mọ̀ bóyá oògùn ti kápá rẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ ẹṣin etíkun tí wọ́n ń gbé ọmọdé gùn láìdé akoto. Èèyàn mẹ́ta fún ọmọ kan, aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀ kí oòrùn tó mú, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin lójúde Ọba lè rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí náà.

Ìdílé tó bá gbà, kó kọ̀wé sí Olóòtú, ẹ ó bá mi fi jíṣẹ́. Mo ti gba àyè ìsinmi níbi iṣẹ́ fún Iléyá tó ń bọ̀. Akoto mẹ́ta ti wà nínú báàgì mi báyìí, méjì jẹ́ ti ọmọdé, ìkẹta, àbúrò mi ló fi okùn wọn orí ọmọ rẹ̀, tó sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún mi lórí fóònù kí n tó rà á.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde kan, ní Kent