Ẹni Tó Ń Sá Fún Ikú

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọ̀sẹ̀ o, ẹ sì kú ìfaradà ọjà tó gbówó lórí. Ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì àwọn bàbá lọ́jọ́ Sunday tó kọjá ló ń jẹ mí lọ́kàn, ẹnì kan ní kí ìjọba kó gbogbo àjèjì kúrò n'Íléṣà pátápátá, ọ̀pọ̀ sì ṣe àmín sí i.

Mo gbà pé ìlú gbọ́dọ̀ ní géètì. Nehemáyà mọ odi tán, ó ní wọn ò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn ẹ̀ títí oòrùn á fi mú. Àwọn tó ń wa góòlù láìgbàṣẹ tí wọ́n ń ba omi wa jẹ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kí ìjọba mú wọn, ì báà jẹ́ ará Ṣáínà ì báà jẹ́ ọmọ wa. Àmọ́ ẹni tó ń wá owó àti ẹni tó ń sá fún ikú, wọn ò jọra rárá. Bíbélì ní ká má fa ẹrú tó sá wá bá wa lé ọ̀gá ẹ̀ lọ́wọ́ (Diutarónómì 23:15). Àdéhùn ogúnléndé ti 1951, tí Nàìjíríà náà wà nínú ẹ̀, ò gbà kí wọ́n lé èèyàn padà síbi tí ẹ̀mí ẹ̀ ti wà nínú ewu, èyí táwọn ìjọba Áfíríkà sì ṣe ní Addis Ababa ní September 1969 fi kún un pé ẹni tí ogun tàbí rògbòdìyàn lé kúrò nílé, ogúnléndé lòun náà.

Oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀, ní November, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí ò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti fi kúrò nílùú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Ẹ̀jìgbò, Ìnísà, Ògbómọ̀ṣọ́. Màmá kan nínú ìjọ wa wà ní Kumasi nígbà yẹn, ọmọdé ni wọ́n, wọ́n ní bàbá àwọn gbé máṣíìnì ìránṣọ lọ sí gárééjì wọ́n sì gba iye tí wọ́n bá ṣáà ti fún wọn, ìsọ̀ tó kún fún aṣọ sì wà níbẹ̀ tí wọ́n tilẹ̀kùn ẹ̀ tí wọn ò tún padà rí i mọ́. Ní 1983 àwa náà wá fún èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ọmọ Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ó dùn mí títí dòní.

Nígbà tí UK ní January 2024 ní ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ò lè mú ìyàwó àtọmọ wá mọ́, a sunkún nínú ìjọ yìí. Mo sọ nígbà yẹn pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti ka iye ẹni tí wọ́n máa gbà, inú àwọn kan ò dùn sí mi, mo ṣì dúró lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti dáná sun ilé ẹ̀ ò lè máa dúró de fisa, ẹ̀yin ará.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ṣúméká ẹ̀gbẹ́ géètì wa tẹ́ ẹ ní kó kó àpótí ẹ̀ kúrò, ará Diffa ní Niger ni, Boko Haram ló lé e kúrò nílé. Mo ti ní kó padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì wa láti Monday, kẹ́nikẹ́ni má ṣe dí i lọ́wọ́.